Bẹ́ẹ ṣe lè fi rìmóòtù kan ṣoṣo darí TV, díkódà àti home theatre inú pálọ̀ yín

Rìmóòtù universal tí wọ́n ń tà kiri yìí, èyí tí wọ́n to orúkọ TV bíi ogún sí lẹ́yìn páálí ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á rà á, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì méjì, TV á kú, wọ́n á ní ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó wá di alẹ́ tí wọ́n fẹ́ kúrò lórí HDMI 1 bọ́ sí HDMI 2, Source ò dáhùn, Menu ò dáhùn, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á fún wọn. Rìmóòtù ọ̀hún lè má ní àléébù kankan. Kóòdù tí wọ́n dúró lé lórí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ fún rìmóòtù irú TV tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ni kì í ṣe ti TV wọn. Pé TV kú, pé ó tàn, ìyẹn ò tíì fi hàn pé iṣẹ́ ti parí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bá a ṣe ń lọ.

Kẹ́ẹ tó náwó rárá, ẹ ko gbogbo rìmóòtù tó wà nílé jọ sórí tábìlì, èyí tó ti fọ́, èyí tí wọ́n fi rọ́bà so, èyí tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù (ẹ mọ ara yín), kẹ́ẹ wá wo èyí tó ń fi iná sọ̀rọ̀ nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rìmóòtù, iná ló ń fi ránṣẹ́, iná infrared tí ojú èèyàn ò lè rí, gílóòbù kékeré tó wà lórí ẹ̀ níwájú ló ń tàn án, ó sì máa ń ṣẹ́jú nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe ń ṣẹ́jú tó ń dúró yẹn ni TV fi ń mọ̀ pé volume lẹ tẹ̀ àbí ìkànnì. Ojú ò rí i lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà fóònù ń rí i. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí mọ́lẹ̀, tí gílóòbù yẹn bá ń tàn fírífírí lójú fóònù, bí àwọ̀ elésè àlùkò tàbí funfun, rìmóòtù infrared nìyẹn, ó sì wà láàyè. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ fẹ́ fi wò ó, kámẹ́rà iwájú tẹ́ẹ fi ń ya selfie ni kẹ́ẹ lò, torí ti ẹ̀yìn máa ń sẹ́ iná yẹn dànù.

Èyí tẹ́ẹ bá tẹ̀ tí kò tan iná kankan, tí bátìrì ẹ̀ sì dáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bluetooth ló ń lò. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, rìmóòtù universal ò rí wọn gbé ṣe. Fire TV Stick, ọ̀pá kékeré Amazon tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI TV, Bluetooth ni rìmóòtù ẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. PlayStation 4 àti 5, wọn ò gba infrared rárá, kò sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n á dá yín lóhùn. Ti LG Magic Remote, èyí tẹ́ẹ máa ń nà sí TV tí ọfà á máa rìn kiri lójú ẹ̀, ẹ lè fi universal darí TV yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọfà yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ ò ní rí i lò. Samsung tuntun pẹ̀lú, àwọn rìmóòtù kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, Bluetooth ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn, àmọ́ TV náà fúnra ẹ̀ ṣì ń gbọ́ infrared. Àwọn díkódà wa, GOtv, DStv, StarTimes, iná ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbọ́, ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀.

Ó dáa, ọjà wá yá. Bóyá Alaba lẹ lọ o, bóyá Computer Village ní Ikeja, bóyá ọmọkùnrin tó to rìmóòtù sórí tábìlì lójú títì ládùúgbò yín ló fẹ́ tà á, irú mẹ́ta lẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe fún orúkọ kan ṣoṣo, bíi rìmóòtù LG tí kì í ṣe LG ló ṣe é, tẹ́ẹ bá ti fi bátìrì sí i ó ti tán, kò ní sẹ́tìn kankan. Tó bá jẹ́ TV nìkan ni wàhálà yín, tí orúkọ TV ọ̀hún sì jẹ́ gbajúmọ̀, Samsung, LG, Hisense, Sony, ẹ ra ìyẹn kẹ́ẹ máa lọ ilé, ẹ ò nílò láti ka èyí tó kù nínú ohun tí mò ń kọ. Ìkejì ni universal tó ń lo kóòdù, Chunghop àti Huayu ni orúkọ tẹ́ẹ máa rí jù lára wọn. Ìkẹta ni èyí tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, tí wọ́n kọ LEARN sí lára, òun lẹ lè kọjú sí rìmóòtù àtijọ́ kó sì da gbogbo ohun tó ń sọ kọ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn òmíràn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, onílearn ni mo máa rà, mo sì máa rà á nígbà tí rìmóòtù àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pẹ́ jù. Wọ́n á dúró dìgbà tí ọmọ bá ju tàtijọ́ sínú omi, tó kú pátápátá, kí wọ́n tó wá rìmóòtù tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ta ló wá fẹ́ kọ́ ọ? Tí ẹ̀gbọ́n yín kan bá sì fi One For All ránṣẹ́ láti London, kò burú, rìmóòtù gidi ni, ó máa mọ LG àti Samsung yín dáadáa, àmọ́ ẹ wò ó nínú ìwé ẹ̀ bóyá díkódà tẹ́ẹ ń lò nílé wà níbẹ̀, torí pé ọjà Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní learn, ẹ fi ìyẹn kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ nípa àwọn TV tí orúkọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tàn káyé. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú TV, kì í ṣe òun ló ń gbọ́ rìmóòtù, bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́wàá lè ra bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ oníbọ́ọ̀dù kan náà ní Ṣáínà kí kálukú lẹ orúkọ tiẹ̀ mọ́ ọn, orúkọ kan náà sì lè lo bọ́ọ̀dù kan lọ́dún yìí kó lo òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ẹ fi máa rí TV méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tí rìmóòtù èyí ò sì ṣiṣẹ́ fún tọ̀hún. Nítorí náà tẹ́ẹ bá wá orúkọ TV yín nínú ìwé kóòdù tẹ́ẹ ò rí i, ẹ má banú jẹ́, ọ̀nà míì wà, a máa débẹ̀.

Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́tìn, ẹ fi bátìrì tuntun sí i, méjèèjì pa pọ̀, ẹ má fi tuntun kan lu àlòkù kan. AAA méjì ló máa ń gbà, 1.5 volt ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń chájì, 1.2 volt péré lọ̀pọ̀ ẹ̀, àwọn rìmóòtù kan ò ní bìkítà, àwọn míì á máa ṣe bí ẹni tó rẹ̀, ẹ má fi ṣe sẹ́tìn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá ibi tí ojú TV wà, ibi tó ti ń gba iná rìmóòtù, abẹ́ TV láàárín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná pupa kékeré yẹn máa ń tàn ló sábà máa ń wà. Ẹ wò ó bóyá nǹkan ò bò ó. Mo ti rí ilé tí soundbar, spíkà gbọọrọ yẹn, dúró gbọnrangandan síwájú ẹ̀, mo ti rí ibi tí aṣọ olówùú tí màmá hun sórí TV ti wálẹ̀ bo ojú ẹ̀, wọ́n á sì máa ní rìmóòtù ò dáa. Ẹ pa gílóòbù energy saver tó bá wà nítòsí, àwọn kan nínú wọn máa ń tú irú iná tó ń da TV láàmú, tẹ́ẹ bá sì rí i pé rìmóòtù ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́ tẹ́ẹ bá tan iná pálọ̀, gílóòbù yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kẹ́ẹ tan TV láti ara ẹ̀ gan-an, bọ́tìnnì rẹ̀ lè wà lábẹ́ tàbí lẹ́yìn, ẹ fọwọ́ wá a dáadáa, ó máa ń fara pamọ́.

Ó yá, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dán wò. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn rìmóòtù onídẹ̀rọ̀ yìí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ TV kan tó dúró fún, wọ́n á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà tàbí sẹ́yìn páálí. Ẹ kọ rìmóòtù sí TV, ẹ tẹ bọ́tìnnì orúkọ TV yín mọ́lẹ̀ láìyọwọ́, ẹ máa wo TV. Tẹ́ẹ bá rí i tí àmì volume yọ lójú TV tàbí tí TV kú, ẹ yọwọ́ kíá. Ó ti mú un. Tẹ́ẹ bá ń dì í mú lọ tẹ́ẹ ò yọwọ́, ó lè kọjá lọ sí kóòdù tó tẹ̀ lé e, ẹ óò wá máa padà wá a.

Èyí tó ń gba nọ́ńbà, ìwé pélébé kan máa wà nínú páálí ẹ̀, ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju páálí lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gbá ilẹ̀ dànù. Ẹ wá orúkọ TV, ẹ máa rí kóòdù onínọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀, ó lè tó mẹ́wàá fún orúkọ kan. Ẹ tẹ SET àti TV pa pọ̀ títí iná pupa tó wà lórí rìmóòtù á fi tàn tí kò ní kú, kẹ́ẹ yọwọ́, kẹ́ẹ tẹ kóòdù àkọ́kọ́. Tí iná bá kú, ó ti gbà á, tó bá ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́, kò mọ kóòdù yẹn, ẹ tún un tẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ẹ tẹ SET nìkan, àwọn kan á ní TV kọ́kọ́, ohun tó wà nínú ìwé tiyín ni kẹ́ẹ tẹ̀ lé. Ẹ sì jẹ́ kí n tètè sọ èyí: kóòdù tẹ́ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ni ti Hisense, rìmóòtù wo ni wọ́n ń sọ? Kóòdù inú ìwé rìmóòtù kan ò ní í ṣe pẹ̀lú rìmóòtù ilé iṣẹ́ míì, kálukú ló to nọ́ńbà tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ̀ẹ́ kàn tẹ nọ́ńbà títí ọwọ́ á fi wú lásán ni.

Tí kò bá sí ìwé, tàbí orúkọ TV yín ò sí nínú ẹ̀, ni kẹ́ẹ jẹ́ kí rìmóòtù wá kóòdù fúnra ẹ̀. Ọ̀nà yìí ló ti gba ọ̀pọ̀ TV aláìlórúkọ là. Ẹ tẹ SET mọ́lẹ̀ títí iná á fi tàn, lẹ́yìn náà, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń dá wá a, ẹ tẹ Power lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣẹ́jú, ìgbàkígbà tó bá ṣẹ́jú, kóòdù kan ló ń dán wò. Tó bá jẹ́ irú èyí tẹ́ẹ máa fọwọ́ tẹ̀, ẹ óò máa tẹ Power tàbí CH+ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ẹ fún TV láyè kó dáhùn kẹ́ẹ tó tún tẹ òmíràn. Ẹ jókòó síbi tí rìmóòtù ti ń wo ojú TV tààrà, ẹ má gbé e sọ́wọ́ máa rìn kiri, ẹ má máa dáhùn WhatsApp, torí ìgbà tí TV bá kú yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì tó máa dá a dúró, OK tàbí Mute tàbí ohun tí ìwé ẹ̀ bá sọ. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín ẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá wà, ẹ kúkú ti gbé TV sórí ẹ̀ kẹ́ẹ tó jókòó.

Ibi tí mo ń bá bọ̀ láti òkè rèé. TV ti kú, ó ti tàn, ẹ má tíì dìde. Ẹ tẹ volume sókè àti sísàlẹ̀, ẹ tẹ ìkànnì, ẹ tẹ Mute, kẹ́ẹ wá tẹ Source tàbí Input, òun ló ṣe kókó jù nínú gbogbo wọn torí òun lẹ fi ń ti orí díkódà bọ́ sórí ohun míì, ẹ tẹ Menu, ẹ rìn kiri inú Menu pẹ̀lú ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tẹ OK, ẹ tẹ Back tàbí Exit. Tó bá jẹ́ smart TV, ẹ wá bọ́tìnnì Home. Èyíkéyìí tí kò bá dáhùn nínú ìwọ̀nyí, kóòdù tó jọ tiyín lẹ rí, kì í ṣe tiyín, torí oríṣiríṣi TV lè jọ pín kóòdù Power kí wọ́n má jọ pín ti Menu. Ẹ padà sí wíwá, ẹ jẹ́ kó máa lọ níwájú. Wọ́n máa ń rò pé àṣejù ni èyí, àmọ́ àṣejù ìṣẹ́jú mẹ́ta dáa ju kẹ́ẹ máa dìde lọ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn TV lójoojúmọ́. Tẹ́ẹ bá sì lè ṣe gbogbo ìdánwò yìí nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ẹ tó sanwó, ó tún dáa, àwọn ẹlòmíì máa ń fi fóònù ya TV wọn lẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà model sí, wọ́n á gbé e lọ fi han ẹni tó ń tà á, ìyẹn bọ́gbọ́n mu gan-an.

Learn wá ńkọ́? Ẹ gbé rìmóòtù méjèèjì sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí orí wọn kọjú síra bí ẹni méjì tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún, ẹ má ṣe é nínú oòrùn. Ẹ tẹ LEARN mọ́lẹ̀ títí iná á fi tàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ẹ fẹ́ kọ́ lára tuntun, iná á ṣẹ́jú tàbí yí àwọ̀, ó ń dúró de ẹ̀kọ́ nìyẹn, kẹ́ẹ wá tẹ bọ́tìnnì náà lára tàtijọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ẹ sì yọwọ́, ẹ má rọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ bí agogo ẹnu ọ̀nà. Iná á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta pé òun ti gbọ́. Ẹ lọ sórí bọ́tìnnì tó kàn. Tẹ́ẹ bá ti kọ́ ọ tán, ẹ tẹ LEARN tàbí SET lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè fi í pamọ́. Ohun tó dùn nínú learn ni pé kò kàn án bóyá TV yín lórúkọ tàbí kò lórúkọ, bóyá home theatre ni o, bóyá díkódà, bóyá fáànù onírìmóòtù tẹ́ẹ ń chájì, ohun tó bá ṣáà ti ń fi infrared sọ̀rọ̀, á dà á kọ, àfi AC, a máa débẹ̀. Tí bọ́tìnnì kan bá sì ti kú lára tàtijọ́, bíi Source, ìyẹn ò ní ṣeé kọ́, àfi kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá kóòdù tó sún mọ́ ọn jù kẹ́ẹ wá fi learn dí àwọn àlàfo tó kù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kẹ́ẹ tú tàtijọ́ yẹn, ẹ fi òwú àti spirit nu ibi dúdú abẹ́ rọ́bà bọ́tìnnì yẹn, kẹ́ẹ jẹ́ kó gbẹ, ìdọ̀tí àti ọ̀rá ọwọ́ ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ó lè jí fún wákàtí kan, wákàtí kan yẹn sì ti tó fún yín láti kọ́ tuntun.

Tẹ́ẹ bá ti parí TV, ẹ bọ́ sórí díkódà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì STB tàbí SAT, ẹ ṣe gbogbo ohun tẹ́ẹ ṣe fún TV, home theatre náà á wọ inú AUX tàbí AUD tàbí DVD. Láti ìgbà náà lọ, rìmóòtù kan ni lóòótọ́, àmọ́ ohun tẹ́ẹ bá tẹ̀ gbẹ̀yìn ló ń darí, tẹ́ẹ bá wà lórí STB tẹ́ẹ tẹ volume, ti díkódà ló máa gbé sókè, kì í ṣe ti TV. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ nílé, ẹni kan á ní rìmóòtù ti bàjẹ́, kò bàjẹ́, orí díkódà ni wọ́n fi í sí. Àwọn rìmóòtù kan jẹ́ kẹ́ẹ lè so volume mọ́ TV tàbí home theatre títí láé, ibi yòówù kẹ́ẹ wà, ẹ wo ìwé yín fún volume lock. Tí kò bá sí, ẹ fi learn ṣe é: ẹ wọ STB, kẹ́ẹ kọ́ bọ́tìnnì volume níbẹ̀ láti ara rìmóòtù TV. Ó ti tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá ẹnikẹ́ni jà mọ́.

Ọ̀nà kan sì wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ wáyà HDMI lẹ fi so ẹ̀rọ yín mọ́ TV, ẹ wọ inú Settings TV, ẹ wá HDMI-CEC. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè é, Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní BRAVIA Sync. Tẹ́ẹ bá tan án, rìmóòtù TV lè máa darí soundbar àti Fire Stick láti ojú wáyà yẹn, tẹ́ẹ bá pa TV, soundbar náà á kú tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe PlayStation náà, ìyẹn tí infrared ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Díkódà kan lè má gbọ́ CEC, ẹ dán an wò ṣá. Rìmóòtù Fire Stick tó ní bọ́tìnnì volume àti Power pẹ̀lú, ó ní infrared tiẹ̀ lórí, ẹ wọ Settings, ẹ wá Equipment Control, ẹ sọ orúkọ TV yín fún un, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ nílò universal mọ́.

Ti AC, ẹ má fi ti TV ṣe é. Rìmóòtù AC ní tiẹ̀, gbogbo ètò ló máa ń kó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, bí yóò ṣe tutù tó, bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa fẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá, ìyẹn ni learn kì í fi í bá a mu dáadáa. Ẹ ra universal AC lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ 1000 in 1 sí, ẹ tẹ SET mọ́lẹ̀ kó máa ka nọ́ńbà kóòdù lọ lójú ẹ̀, bẹ́ẹ bá ti gbọ́ kí AC dún píì tó sì ṣí ẹnu, ẹ dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ ra ohunkóhun, àwọn ní fóònù. Tí fóònù yín bá ní infrared lórí, ọ̀pọ̀ Redmi ní in, ẹ wo etí rẹ̀ lókè, ojú dúdú kékeré kan á wà níbẹ̀, ẹ ṣí app Mi Remote, ẹ yan TV, ẹ yan orúkọ, ó máa bi yín léèrè pé ṣé TV dáhùn, ẹ dáhùn òtítọ́. Tí fóònù ò bá ní in, tó sì jẹ́ smart TV, ẹ lè lo app bíi Google TV tàbí SmartThings ti Samsung tàbí ThinQ ti LG, tí fóònù àti TV bá ti jọ wà lórí WiFi kan náà, hotspot fóònù kejì náà ń ṣe é. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tí fóònù bá kú, tàbí tẹ́ni tó ni ín bá jáde, àwọn tó kù nílé ò ní rìmóòtù. (Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń gbé Redmi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù tẹ́ẹ máa ń pa TV wọn nígbà pẹ́nárítì, Ọlọ́run ń rí yín.)

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kàn, torí òun ló ń da sẹ́tìn nù. Àwọn rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú kan, tẹ́ẹ bá ti yọ bátìrì, gbogbo ohun tẹ́ẹ kọ́ wọn ló lọ. Ẹlòmíì á ní kẹ́ẹ yọ ọ̀kan kẹ́ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé, kò lè ṣiṣẹ́, bátìrì méjèèjì tẹ̀ léra wọn lọ́nà kan náà ni, tí ọ̀kan bá kúrò, iná ti já. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ẹ ti fi tuntun sọ́wọ́, kẹ́ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá, kẹ́ẹ má sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan nígbà tí kò sí bátìrì nínú ẹ̀. Kóòdù tó ṣiṣẹ́ fún TV, kóòdù díkódà, ẹ kọ ọ́ sórí pépà kékeré kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú ìdérí bátìrì, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí i. Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbé rìmóòtù sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ yọ bátìrì, ní pàtàkì àwọn èyí tó rọjú yẹn, omi inú wọn máa ń jò, ó sì máa ń jẹ spíríǹgì. Spíríǹgì tó ti ní ìpara funfun tàbí àwọ̀ ewé lára, ẹ fi òwú tẹ́ẹ ti tọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí nu ún díẹ̀, kẹ́ẹ nu omi náà kúrò, kẹ́ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ẹ tó fi tuntun sí i.

Tó bá jẹ́ pé ilé màmá tàbí bàbá lẹ fẹ́ gbé rìmóòtù yìí lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ fún wọn. Universal oníbọ́tìnnì ńláńlá díẹ̀ wà, onílearn ni, mẹ́fà tàbí méje, ẹ kọ́ Power TV, Power díkódà, volume, ìkànnì, ó tó wọn. Tí wọn ò bá rí irú ẹ̀ rà níbẹ̀, ẹ fi plásítà bo gbogbo bọ́tìnnì tí wọn kò nílò, pàápàá jù lọ Source, torí tí ọwọ́ wọn bá ṣèèṣì kàn án, TV á kọ No Signal, wọ́n á pè yín ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé àwọn DStv ti gé àwọn. Tẹ́ẹ bá wà nílẹ̀ òkèèrè tẹ́ẹ ń ṣe é lórí WhatsApp video, ẹ ní kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn kọ́kọ́ fi kámẹ́rà fóònù (ti iwájú tó bá jẹ́ iPhone) han yín iwájú rìmóòtù, ẹ rí i fúnra yín bóyá iná ń jáde, kẹ́ẹ tó máa pe kóòdù fún un.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wá kùnà, tí iná ń jáde lára rìmóòtù lójú kámẹ́rà, tẹ́ẹ ti wá kóòdù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí rìmóòtù tó bá a wá gan-an náà ò ṣiṣẹ́, ẹ fi rìmóòtù yẹn sílẹ̀, TV ló ní ìṣòro. Ojú tó fi ń gba iná, nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ni, ó lè ti kú, tàbí wáyà tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù ti tú, tàbí eèrà ti kọ́lé síbẹ̀. Ẹni tó ń tún TV ṣe ládùúgbò máa pààrọ̀ ẹ̀ láìpẹ́, ẹ sì sọ fún un pé sensor rìmóòtù ni, kó má lọ máa bá yín na owó bọ́ọ̀dù.